Bí Ọyẹ́ Ṣe Ń Kun Ọgbà Ilé ní Àgùdà

Yìnyín kì í bọ́ ní Àgùdà, ní Sùúrùlérè ní Èkó. Bí ẹ bá rí ohun funfun tó tẹ́ sórí páànù àti sára mọ́tò níbẹ̀ ní òwúrọ̀ Oṣù Kìíní, eruku ni, òkè ọya ló sì ti wá. Ṣùgbọ́n àwa náà ní ìgbà òtútù tiwa. Láti ìparí Oṣù Kọkànlá títí wọ Oṣù Kejì, ọyẹ́ á dé, ètè á máa là, àwọn tó ń jí lọ síbi iṣẹ́ láago márùn-ún á wá súwẹ́tà kàn. Lásìkò yẹn kan náà ni ilé tó bá ní ọgbà kékeré níwájú á yí padà. Ewé igi fúrúùtù á pọ́n, bougainvillea tó gun orí fẹ́ńsì á fi ewé rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ òdòdó, koríko ilẹ̀ á sì gbẹ táútáú.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò ni pé ọgbà ń kú lọ. Wọ́n á fa hósì jáde, wọ́n á máa da omi láàárọ̀ lálẹ́, omi á ṣàn gba abẹ́ gééti bọ́ sí gọ́tà. Àánú omi yẹn máa ń ṣe mí. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹwà tí ọgbà Èkó ń ní nígbà ọyẹ́, òùngbẹ ló ń mú un wá, òru tó fi díẹ̀ gùn ju ọ̀sán lọ sì ń ràn án lọ́wọ́. Ẹni tó bá mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ á mọ igi tó yẹ kó bu omi fún, á sì mọ èyí tó yẹ kó fi sílẹ̀ pẹ̀lú òùngbẹ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti ń bọ̀ mú un. Ní orílẹ̀-èdè Ṣáàdì, láàárín òkè Tibesti àti òkè Ennedi, kòtò ilẹ̀ ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Bodélé. Ní ẹgbẹ̀rún ọdún mélòó kan sẹ́yìn, abẹ́ omi ni ibẹ̀ wà, nígbà tí adágún Ṣáàdì ṣì fẹ̀ lọ́nà púpọ̀ ju bó ṣe wà lónìí lọ. Omi náà gbẹ. Ohun tó kù sílẹ̀ ni ẹ̀fun fúyẹ́fúyẹ́ kan, ìyẹn èèpo àwọn ohun ẹlẹ́mìí inú omi tí ojú lásán kò lè rí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, atẹ́gùn láti àríwá ìlà-oòrùn máa ń fún ara rẹ̀ gba àárín òkè méjèèjì kọjá, ó ń le sí i bó ṣe ń fún, á sì gbá ẹ̀fun yẹn sókè. Láti ibẹ̀ dé Èkó tó nǹkan bíi kìlómítà 2,000. Eruku tó wúwo ti já bọ́ kí ó tó kọjá Kánò. Èyí tó kúnná jù lọ ló ń dé ọ̀dọ̀ wa, òun ni kì í jẹ́ kí oòrùn òwúrọ̀ ràn dáadáa, òun náà ló ń jókòó sórí ewé.

Ọyẹ́ Èkó kì í ṣe ti Kánò, ọgbà sì mọ ìyàtọ̀ náà. Etí òkun la wà. Afẹ́fẹ́ òkun tó kún fún ọ̀rinrin àti afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ tó gbẹ ní ààlà láàárín ara wọn, ààlà náà sì ń rìn. Ní Oṣù Kẹjọ, ó ti lọ jìnnà sí àríwá, lẹ́bàá Sàhárà. Ní Oṣù Kìíní, ó ti sọ̀ kalẹ̀ dé etí omi wa. Nítorí pé ojú ààlà gan-an ni Èkó jókòó sí, ọyẹ́ tiwa máa ń wá, á lọ, á tún padà. Ọjọ́ díẹ̀ á le, ojú ọ̀run á funfun, bàálù á máa pẹ́ kí wọ́n tó gbéra ní Ìkẹjà. Lẹ́yìn náà afẹ́fẹ́ òkun á tì í padà, ooru á dé, ènìyàn á tún máa làágùn. Ní ọjọ́ tí ọyẹ́ bá le, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, tí kì í sábà dín sí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún láwọn òwúrọ̀ òjò, lè já wá sí 40 tàbí kó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án. Òru lè tutù dé ìwọ̀n 20 Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, tàbí kó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí i. Òjò ńkọ́? Ó ju mílímítà 1,500 tó ń rọ̀ sí Èkó lọ́dún, ṣùgbọ́n ti Oṣù Kejìlá àti Oṣù Kìíní pa pọ̀ kò tó ìdá kan nínú ogún rẹ̀. Igi tó wà ní Àgùdà ń gba òùngbẹ ní ẹ̀bù ẹ̀bù, pẹ̀lú ìsinmi láàárín. Ìwọ̀n yẹn kò tó pa á. Ó tó láti yí ìṣe rẹ̀ padà.

Lábẹ́ ewé kọ̀ọ̀kan, ihò tín-tìn-tín ló wà lọ́pọ̀ yanturu. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tí ewé fi ń ṣe oúnjẹ ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni omi inú rẹ̀ ń gbà sá lọ. Kò sí bó ṣe lè ṣílẹ̀kùn fún ọ̀kan kó tì í mọ́ èkejì. Lásìkò òjò, afẹ́fẹ́ ìta ti kún fún omi, nítorí náà omi inú ewé kì í yára jáde. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, afẹ́fẹ́ tó gbẹ náà á máa fa omi láti inú gbogbo ohun tó bá kàn: ètè wa, aṣọ tí a sá sórí okùn, àti ewé. Gbòǹgbò lè má rí omi tó pọ̀ tó láti fi dípò èyí tó ń lọ. Ewéko wá ní láti yan ọ̀nà kan. Àwọn kan á pa ihò yẹn dé lọ́sàn-án gangan, wọn kò ní dàgbà púpọ̀. Àwọn kan ti tọ́jú omi sínú ara tẹ́lẹ̀. Àwọn yòókù á kúkú ju ewé nù.

Fúrúùtù wà lára àwọn tó ń ju ewé nù, òun sì ni mo kọ́kọ́ máa ń fi han ẹni tó bá sọ pé kò sí ohun tí ènìyàn lè wò ní Èkó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Igi tí à ń sọ ni èyí tí ẹ̀ka rẹ̀ tẹ́ bẹẹrẹ ní ìpele ìpele, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń jẹ èso rẹ̀ tán tí wọ́n á tún fi òkúta fọ́ kóró rẹ̀ jẹ. Àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ní Terminalia catappa, ìhà Éṣíà ló sì ti wá. Ewé ńlá rẹ̀ kì í ṣàdédé já bọ́. Kí igi tó jọ̀wọ́ rẹ̀, á kọ́kọ́ fa oúnjẹ tó wà nínú rẹ̀ padà sínú ẹ̀ka, pàápàá èròjà náítírójìn tó ṣòroó rí nínú ilẹ̀. Á tú èròjà tó ń mú ewé tutù yọ̀yọ̀ ká. Bí àwọ̀ tútù yẹn ṣe ń lọ ni àwọ̀ òféèfèé àti pupa ń yọ, igi náà tilẹ̀ ń ṣe púpọ̀ nínú pupa yẹn ní tuntun. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé agbòòrùn ni, kí oòrùn má baà jó ewé náà kí iṣẹ́ ìkópadà tó parí. Lẹ́yìn náà, ìdí ọ̀pá ewé á gé ara rẹ̀, á ti ojú egbò, ewé á bọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ewé tuntun á ti rú lórí ẹ̀ka tó dá gbáú. Igi náà sábà máa ń ṣe èyí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ṣùgbọ́n ti ìgbà ọyẹ́ ló máa ń pọ́n jù.

Ọ̀pọ̀ fúrúùtù ni wọ́n ti gé lulẹ̀ ní Sùúrùlérè nítorí ewé tó ń jábọ́ yìí. Wọ́n ní ó ń dọ̀tí ilẹ̀. Mo gbà pé gbígbá rẹ̀ láràárọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ kékeré, ṣùgbọ́n ibòji tí ilé ń pàdánù ní Oṣù Kẹta, nígbà tí ooru bá gorí rẹ̀, kò ṣeé fi ìgbálẹ̀ ra.

Bougainvillea ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ta kókó jù. Gbogbo òpópónà Àgùdà tó bá ní fẹ́ńsì gíga ló ní ọ̀kan ó kéré tán, nítorí ẹ̀gún rẹ̀ ń lé olè, àwọ̀ rẹ̀ sì ń wu ojú: elésè àlùkò, pupa, funfun, àti èyí tó ṣe bí ọsàn. Ẹ já ẹyọ kan, ẹ wo àárín rẹ̀. Ohun mẹ́ta tó láwọ̀ yẹn kì í ṣe òdòdó, ewé ni wọ́n. Òdòdó gan-an ni ọ̀pá funfun tín-ínrín tó wà láàárín wọn, tí kò tó èékánná. Ewé yẹn ló ń pe kòkòrò wá fún un. Láti Bùràsíìlì ni ewéko yìí ti wá, ilẹ̀ kan náà tí àwọn ènìyàn tí wọ́n ń pè ní Àgùdà ti padà sí Èkó láyé àtijọ́. Philibert Commerson, onímọ̀ ewéko tó wà nínú ìrìn àjò tí Bougainville, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi ará Faransé, fi yí ayé ká láàárín 1766 sí 1769, ló kó o jọ níbẹ̀ tó sì fi orúkọ ọ̀gá rẹ̀ pè é.

Ohun tó yẹ kí onílé mọ̀ nípa rẹ̀ nìyí. Ní ìdí ewé kọ̀ọ̀kan, ojú kékeré kan wà. Ojú yẹn lè di ẹ̀gún, ó sì lè di òdòdó. Láti ibì kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń yọ. Bí omi bá pọ̀, tí ajílẹ̀ pọ̀, ẹ̀ka á máa sáré gùn, ojú náà á di ẹ̀gún. Bí omi bá dín, tí oòrùn ń ràn án dáadáa, tí òru sì gùn díẹ̀, ẹ̀ka á dẹ̀rẹ̀, oúnjẹ tí ewé ti ṣe kò ní rí ẹ̀ka tuntun tí yóò bọ́, ojú náà á wá di òdòdó. Ìdí rèé tí bougainvillea tó wà létí ẹ̀rọ omi, tí àwọn ọmọdé ń fọ aṣọ sí nídìí, fi máa ń ga ju òrùlé lọ tí kò sì ní ju òdòdó mẹ́wàá lára. Èyí tó wà nínú ike ọ̀dà lórí dẹ́kìn, tí gbogbo ilé ti gbàgbé, á pọ́n dẹ̀dẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí tirẹ̀ tanná fún ọdún Kérésì, kí ó ti gé e ní ìparí Oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí òjò ṣì wà, kí ẹ̀ka tuntun lè yọ, nítorí orí ẹ̀ka tuntun ni òdòdó máa ń wà. Láti ìgbà tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, kí ó má fún un ní ìgbẹ́ adìyẹ mọ́. Kí ó dúró títí ewé á fi rọ díẹ̀ kí ó tó bu omi, kí ó wá bu ún dáadáa lẹ́ẹ̀kan, kí ó tún fi sílẹ̀. Gádínà tó mọṣẹ́ kì í ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Poinsettia, èyí tí àwọn kan ń pè ní fúláwà Kérésì, kò fi bẹ́ẹ̀ bìkítà fún òùngbẹ. Òkùnkùn ló ń wá. Ewé òkè rẹ̀ ló ń pọ́n, kì í ṣe òdòdó òun náà. Òdòdó rẹ̀ ni àwọn kóró yẹ́lò kéékèèké àárín. Kí ewé yẹn tó lè pọ́n, òru ní láti gùn tó nǹkan bíi wákàtí 12, lálẹ́ lálẹ́, fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ní Èkó, ọ̀sán Oṣù Kẹfà ń gùn tó wákàtí 12 àti ààbọ̀. Ti Oṣù Kejìlá kò ju wákàtí 11 àti nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 lọ. Àwa ènìyàn kì í mọ ìyàtọ̀ ìṣẹ́jú 45 yẹn lára. Poinsettia mọ̀ ọ́n, ó sì ti ń kà á láti Oṣù Kẹwàá. Ibi tí wàhálà wà ni pé ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ láàárín òru lè ba ìkà náà jẹ́. Bí wọ́n bá gbé iná sólà tó ń tàn di ìdájí kọ́ ojú gééti, ẹ̀gbẹ́ tí iná ń tàn sí lára rẹ̀ á tutù minijọ títí ọdún á fi yí, ẹ̀gbẹ́ kejì tó kọjú sí ògiri á pọ́n. Láyé ìgbà tí iná mọ̀nàmọ́ná kì í dúró, tí kò sí sólà, poinsettia Àgùdà kò ní irú ìṣòro yìí. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni rí ohun tó ti ara àìsí iná jèrè, òun rí i.

Àwọn tó ń tọ́jú omi sára ni desert rose ń ṣe olórí fún. Ìdí rẹ̀ wú bọ̀ǹbọ̀, omi ló kún inú rẹ̀. Aṣálẹ̀ àti etí aṣálẹ̀ ni ilé rẹ̀, láti Sẹ̀nẹ̀gà lọ títí, nítorí náà ọyẹ́ kì í ṣe àjèjì sí i rárá. Nílẹ̀ Èkó, òjò gan-an ni ọ̀tá rẹ̀, nítorí ó máa ń jẹrà nídìí. Oje rẹ̀ ní májèlé tí àwọn ọdẹ òkè ọya fi ń kun ọfà, ẹ má gbé e síbi tí ọmọ kékeré lè já a sẹ́nu. Frangipani náà ń fi omi pamọ́ sínú ẹ̀ka rẹ̀ tó sanra, á wá wọ́wé pátápátá. Bó ṣe dúró lóríhòòhò yẹn nínú ìmọ́lẹ̀ funfun ọyẹ́, lójú tèmi, ó lẹ́wà ju ìgbà tó léwé lọ, ṣùgbọ́n àwọn kan á ti ní kí gádínà hú u dànù. Kí ẹ fi èékánná họ èèpo rẹ̀ wò ná. Bí abẹ́ rẹ̀ bá tutù tó sì yọ oje funfun, ó wà láàyè. Ohun kan náà ni kẹ ṣe fún panṣẹ́kẹ́, tó ń wọ́wé lásìkò ọyẹ́ kó lè tanná pupa ní Oṣù Kẹrin.

Mo ti ń sọ̀rọ̀ àwọn àlejò jù. Àwọn ọmọ onílẹ̀ pàápàá kò jókòó lásán. Ewúro ẹ̀yìnkùlé tí a kò bá já jù máa ń yọ òdòdó funfun wẹ́wẹ́ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn yìí, oyin á sì máa wọ́ tẹ̀lé e. Àwọn alásè kì í fẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ewé rẹ̀ á kéré, á sì le. Ẹni tó bá ní ìdí méjì, kí ó fi ọ̀kan sílẹ̀ fún oyin. Àkòko á yọ òdòdó elésè àlùkò. Pèrègún tí bàbá onílé gbìn sí ojú ààlà, tí kò sẹ́ni tó tún wò ó mọ́, lè yọ ọwọ́ òdòdó kan tí kò jọjú lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n tó bá di alẹ́, òórùn dídùn rẹ̀ á gba gbogbo àgbàlá. Alẹ́ ni àwọn kòkòrò tí ń gba òdòdó rẹ̀ ń jáde, ìdí nìyẹn.

Agbálùmọ̀ sì ń pọ́n lásìkò ọyẹ́ yìí, láti Oṣù Kejìlá lọ. Máńgòrò ń tanná. Òru tó tutù àti ilẹ̀ tó gbẹ ló ń sọ fún máńgòrò pé kí ó fi ewé sílẹ̀, kí ó mú òdòdó. Ọdún tí ọyẹ́ kò bá le, tí òjò ń já lé òdòdó yẹn, àrùn á mú un, á dúdú, á gbọ̀n dànù, èso á sì kéré lọ́dún yẹn. Àwọn tó ń ṣépè fún ọyẹ́ tí wọ́n sì fẹ́ràn máńgòrò, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara balẹ̀.

Ó dára ká wo ti àwọn ènìyàn wa tó wà ní Peckham ní London, nítorí ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi ara wọn kò yàtọ̀ sí tiwa: kí ló ṣẹ́kù nínú ọgbà nígbà tí yìnyín bá ti bò ó? Níbẹ̀, ọ̀sán tó kúrú jù ní Oṣù Kejìlá kì í pé wákàtí 8, ti Oṣù Kẹfà sì ju 16 lọ, nítorí náà igi ibẹ̀ rí àmì tó hàn gbangba ju tiwa lọ láti sùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń pa wọ́n pọ̀ mọ́ tiwa. Bí omi inú ilẹ̀ bá dì, gbòǹgbò kò lè mu ún, kódà kí yìnyín ga dé orúnkún. Òùngbẹ ni ìyẹn náà. Igi tó bá mú ewé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rẹ̀ dúró á gbẹ kú, nítorí náà ó wọ́wé. Holly mú tirẹ̀ dúró nítorí ewé rẹ̀ nípọn, ó ń dán, omi kì í tètè sá níbẹ̀. Yìnyín fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá. Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín rẹ̀ kì í jẹ́ kí òtútù òkè dé ilẹ̀ tán, nítorí náà ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ máa ń móoru ju ohun tó wà níta gbangba lọ. Àwọn ológbà ibẹ̀ kì í wá òdòdó tipátipá nígbà náà. Wọ́n ń gbin dogwood nítorí ẹ̀ka rẹ̀ tó pọ́n nígbà tó bá dá gbáú, wọ́n ń gbin holly nítorí èso pupa rẹ̀, wọ́n ń dúró de snowdrop tí yóò yọ orí láàárín yìnyín ní Oṣù Kìíní sí Oṣù Kejì. Wọ́n ti gbà pé ẹ̀ka lásán náà ní ẹwà. Èyí ni mo rò pé ó yẹ kí àwa náà yá lò.

Àyè fún ọgbà ní Èkó ńkọ́? Láti 1955 ni LEDB, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1928 láti tún Èkó ṣe, ti bẹ̀rẹ̀ ètò wíwó àwọn ilé àárín Erékùṣù Èkó, tí wọ́n sì ń kó àwọn ará ibẹ̀ wá sí Sùúrùlérè, tí wọ́n ń pè ní New Lagos nígbà yẹn. Ilé ilẹ̀ tó ní àyè díẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn ni wọ́n kọ́. Àyè yẹn ti di ṣọ́ọ̀bù, ó ti di ibi ìgbọ́kọ̀sí, ó ti di ilé alájà mẹ́ta. Ní Àgùdà lónìí, ọgbà sábà máa ń jẹ́ ilẹ̀ tóóró láàárín gééti àti ògiri, tàbí ike ọ̀dà mélòó kan lórí bákónì. Ìyẹn tó. Èyí tí kò tó ni ilẹ̀ tí wọ́n ti fi íńtalọ́ọ̀kì dí mọ́ igi lọ́rùn láìfi àyè kankan sílẹ̀ nídìí rẹ̀, nítorí òjò Oṣù Kẹwàá tí igi náà ìbá fi pamọ́ de ọyẹ́ kò wọlé. Ẹ fi àyè tó fẹ̀ tó agbada fífẹ̀ sílẹ̀ ní ìdí igi, ó kéré tán. Ní ti kápẹ́ẹ̀tì oníke aláwọ̀ ewé tó gbòde báyìí, bí oòrùn bá ti pa á, ẹsẹ̀ lásán kò ní lè tẹ̀ ẹ́. Koríko gidi tó gbẹ ní Oṣù Kìíní kò tíì kú, ọ̀pá rẹ̀ tó ń rá lórí ilẹ̀ ṣì wà láàyè. Ẹ má hú u. Òjò kejì tàbí ìkẹta á jí i.

Omi ni kí a wá sọ. Ike ló nílò rẹ̀ jù, nítorí erùpẹ̀ inú rẹ̀ kéré, sìmẹ́ǹtì abẹ́ rẹ̀ sì ń gbóná. Ẹ ti ìka bọ erùpẹ̀ náà. Bí inú rẹ̀ bá ṣì tutù, ẹ fi sílẹ̀. Bí ó bá gbẹ, ẹ bu omi títí yóò fi máa jò nísàlẹ̀, kí ẹ tún dúró. Omi díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ ń kọ́ gbòǹgbò láti máa dúró lókè, ibi tí oòrùn á ti sè é. Òwúrọ̀ kùtù ló dára jù. Igi ọlọ́jọ́ pípẹ́ tó wà nínú ilẹ̀, fúrúùtù, agbálùmọ̀, máńgòrò, kò bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ yín. Àwọn tí ẹ gbìn lẹ́yìn Oṣù Kẹsàn-án ni kẹ ṣàánú, pẹ̀lú ẹ̀fọ́, pẹ̀lú ata, àti hibiscus. Omi tí ẹ fi ṣan ìrẹsì wúlò fún wọn. Omi ọṣẹ àkọ́kọ́ tí ẹ fi fọṣọ kò dára, iyọ̀ inú rẹ̀ á máa pọ̀ sí i nínú ilẹ̀ nígbà tí kò sí òjò tí yóò fọ̀ ọ́ lọ.

Ẹ má dáná sun ewé tí ẹ bá gbá jọ. Yàtọ̀ sí pé iná ọyẹ́ kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ewé yẹn gan-an ni aṣọ tí ìdí igi nílò. Ẹ tẹ́ ẹ nípọn tó ìbú ọwọ́, kí ó má kan ara igi, omi inú ilẹ̀ á pẹ́ kó tó gbẹ.

Ti eruku ní ojú méjì. Lórí ewé, ó ń dí ìmọ́lẹ̀, àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń ta òwú lábẹ́ ewé sì fẹ́ràn ibi tó gbẹ tó sì léruku. Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ tí ọyẹ́ bá le, ẹ fi omi fọ ewé lókè àti lábẹ́ ní òwúrọ̀ kan. Ṣùgbọ́n nínú ilẹ̀, ajílẹ̀ ni. Èròjà fọ́sífọ́ọ̀sì àti irin wà nínú ẹ̀fun Bodélé yẹn. Ní 2015, àwọn onímọ̀ tó ń lo sátẹ́láìtì NASA ṣírò rẹ̀ pé eruku Sàhárà tó ń kọjá òkun lọ já bọ́ sí igbó Amazon tó mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 27.7 lọ́dún, fọ́sífọ́ọ̀sì inú rẹ̀ sì tó nǹkan bíi 22,000 tọ́ọ̀nù. Igbó Bùràsíìlì ń jẹ níbẹ̀. Ọgbà tó wà ní Àgùdà, tó sún mọ́ orísun rẹ̀ jù, ń rí tirẹ̀ gbà lọ́fẹ̀ẹ́, bí ó ti wù kó kéré mọ.

Bí ẹ bá fẹ́ ra bougainvillea lọ́wọ́ àwọn tó ń ta fúláwà létí títì, Oṣù Kìíní ni kẹ lọ, nítorí ìgbà yẹn ni ojú yín á fi rí àwọ̀ tí ẹ ń ra. Ní Oṣù Keje, ewé lásán ni gbogbo wọn, ohun tí olùtajà bá pè é náà lẹ ó gbà. Ṣùgbọ́n rírà ni mo sọ, n kò sọ gbígbìn. Ìjọba Èkó kò ṣèèṣì fi 14 Oṣù Keje ṣe ọjọ́ igi gbígbìn: igi tó bá wọlẹ̀ nígbà òjò á ti fi oṣù mélòó kan ta gbòǹgbò kí ọyẹ́ tó dé bá a. Ẹ fi tiyín sílẹ̀ nínú nylon rẹ̀, níbi tí oòrùn ti ń pa á, kí ẹ máa wo àwọ̀ rẹ̀. Nígbà tí òjò bá ti dúró dáadáa ní Oṣù Kẹrin tàbí Oṣù Karùn-ún, ẹ gbẹ́ ihò, ẹ fi abẹ ya nylon náà láti ìsàlẹ̀, kí ẹ sì gbé e wọlẹ̀ pẹ̀lú gbogbo erùpẹ̀ ìdí rẹ̀ láìjẹ́ kó tú, nítorí gbòǹgbò bougainvillea tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń já.